Orúkọ Tí Bàbá Irin Kọ Sára Ìgò Omi

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní ìgò omi onírin kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè yé ra omi inú ike tí wọ́n ń mu tán tí wọ́n ń jù káàkiri. Ohun kan ni wọn ò rò: gbogbo ìgò náà jọra bí ọmọ ìyá kan tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìgò tó ti ṣìnà kún orí tábìlì ní yàrá ìkàwé. Ẹni tó gbé ti ẹlòmíràn kò fẹ́ fẹnu kàn án. Ẹni tó wá tirẹ̀ títí tí kò rí i padà sídìí omi inú ike. Àwọn agbálẹ̀ ní àwọn ò tiẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìdọ̀tí tí àwọn ń kó.

Ọkùnrin kan ló wá nǹkan ṣe sí i. Òun ló ń mójú tó yàrá iṣẹ́ irin, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé irin tí wọ́n sì ń jó o pọ̀. Bàbá Irin ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń kọ nọ́ńbà sára irinṣẹ́ kó má baà sọnù, ó sì bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí òun máa fi kọ orúkọ sára ìgò lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Kì í kọ orúkọ inú ìwé. Ó ní èèyàn mẹ́wàá lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú kíláàsì kan. Èyí tí wọ́n ń pè wọ́n nílé ni kí wọ́n mú wá. Ọ̀kan ní Ẹlẹ́nu-dídùn ni ìyá òun ń pe òun. Géńdé kan tó ga bí òpó iná kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kó tó sọ ọ́ sí i létí pé Ọmọ-ọwọ́ ni. Bàbá Irin ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ gàdàgbà. Látìgbà náà, ìgò ò ṣìnà mọ́. Ta ni yóò fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé máa kà á? Kí ìdánwò tó dé, àpò ìdọ̀tí tí àwọn agbálẹ̀ ń kó jáde láàárọ̀ ti dín kù dé ìdajì.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló wá gbẹ̀yìn. Bàbá Irin mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gbá èérún irin láìjẹ́ pé wọ́n rán an, òun ló sì máa ń kẹ́yìn jáde, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Ó ní kó kàn bá òun kọ nọ́ńbà sí i.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé?"

Ó ní ìyá òun kú nígbà tó bí òun, àbúrò bàbá òun ló wo òun dàgbà, wọn ò sì fìyà jẹ òun. "'Ìwọ yẹn' ni wọ́n ń pè mí, sà."

Bàbá Irin pa ẹ̀rọ. Ó ní kó fi ìgò náà sílẹ̀ di ọ̀la.

Nígbà tó délé, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀, ó sì ròyìn ọmọbìnrin náà fún un. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti relé ọkọ nílẹ̀ òkèèrè, ilé sì ti wá tóbi jù fún àwọn méjèèjì. Ìyàwó yí ìgò náà lọ́wọ́ títí. Ó béèrè bóyá ọmọ tó ni ín ń jẹun dáadáa. Bàbá Irin ní òun ò rò bẹ́ẹ̀.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ìyàwó wí. "Ẹ jẹ́ á wo ilé tiwa."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà gba ìgò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀: TIWA. Ó kà á, ó tún un kà.

"Àwọn ta ni, sà?"

"Èmi àti ìyàwó mi. Ó ní kí o wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú."

Ọmọbìnrin náà ń fi àtàńpàkò nu lẹ́tà náà bí ẹni ń nu eruku, eruku ò sì sí níbẹ̀. Bàbá Irin kọjú sí ògiri, ó ń to àwọn ìṣó tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣilé yà. Ìyàwó Bàbá Irin fà á wọlé, ó bu oúnjẹ fún un, ó sì tún bù kún un. Nígbà tó jẹun tán, ó fẹ́ fọ abọ́, wọ́n ní kó jókòó. Orí àga náà ni oorun ti gbé e lọ, lójú ọ̀sán gangan, tó la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá Irin dìde láti jí i, kó má baà pẹ́ jù kó tó padà. Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kó sùn," ó rọra sọ. "Ẹ bá mi mú aṣọ ìbora yẹn wá."