Ẹnu Géètì Leokadia

Lọ́dọọdún, lábúlé wa ní Poland, a máa ń tò yí abúlé ká ní àjọ̀dún Ara Olúwa; iwájú pẹpẹ mẹ́rin ni fádà wa máa ń dúró sí kó tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ogójì ọdún, ẹnu géètì Leokadia ni ẹ̀kẹrin máa ń wà. Ìyá àgbà náà ò ní ohun ìyangàn mìíràn láyé.

Lọ́dún yìí ni àwọn ọ̀gá ìlú buwọ́ lùwé pé kò sí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin lábúlé wa, kò sì gbọdọ̀ sí. Ìwé gidi, ó ní òǹtẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Kajetan, ọmọ Leokadia, dé láti Warsaw pẹ̀lú Tymon, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé.

Ni Wincenty, olórí ìgbìmọ̀ ìjọ, bá lọ bá Leokadia. "Ẹ má bínú, Màmá. Iwájú ilé tèmi ni pẹpẹ kẹrin máa wà lọ́dún yìí. Ẹ ṣáà mọ ohun tó fà á."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni. Wincenty, mi ò mọ̀ bóyá mo máa rí ọdún tó ń bọ̀."

Wincenty lọ kọ́ pẹpẹ tirẹ̀, ilé mẹ́ta kọjá ti Leokadia, òdòdó rẹpẹtẹ.

Ọjọ́ pé. Wincenty wà lára àwọn mẹ́rin tó di òpó ìbòrí aláṣọ mú lókè orí fádà. Fádà gbé àwo wúrà tí Ara Olúwa, búrẹ́dì mímọ́ náà, wà nínú rẹ̀ síwájú ojú, èéfín tùràrí bo ìyókù, àwa ń kọrin tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ tó ti rin ọ̀nà kan fún ogójì ọdún kì í ka ìwé olóǹtẹ̀. Bí a ṣe dé géètì Leokadia, fádà dúró, agogo dún, gbogbo abúlé kúnlẹ̀ gbàà nínú ẹrẹ̀, tèmi tìbọ̀sẹ̀ mi tuntun.

Kò sí pẹpẹ níbẹ̀. Leokadia ló jókòó láàárín Kajetan àti Tymon, wọ́n ń mu kọfí.

"Kì í ṣe ibí," Wincenty ń kùn. "Fádà, kì í ṣe ibí."

Ta ló máa dìde nígbà tí Ara Olúwa wà lókè? Òun gan-an ò lè kúrò. Bó bá fi òpó sílẹ̀, ìbòrí á wó lu fádà. Tymon ti gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ojú sì tì mí, torí èmi náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé yẹn.

Leokadia ń sunkún. Kajetan sọ̀rọ̀ sí i létí. "Màmá, wọ́n ṣìnà ni o."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí, gbogbo wa sì gbọ́. "Ọlọ́run tí wọ́n gbé dání ńkọ́? Òun náà ṣìnà?"