Nọ́ńbà Kan fún Ẹni Méjì

Kọ̀ǹpútà Linux kan ni mò ń bójú tó ní Yábàá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó pọ̀. Mo pín inú rẹ̀ sí kọntéínà, bí ilé oníyàrá-yàrá: kálukú ló ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, àmọ́ dísìkì kan náà ni gbogbo wọn ń kó ẹrù sí. Ẹ̀gbọ́n Fàsásì, tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, kì í pa nǹkan rẹ́ rárá! Nígbà tí ẹrù rẹ̀ kún dísìkì fọ́fọ́, inú bí mi, mo fi ààlà sí àyè tí oníkálukú lè lò. Mo yin ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ojú ọ̀run àti ojú títì di àwọ̀ kan náà, oorun ń kùn mí. Fóònù dún. Àǹtí Mabel ni, tíṣà tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Ìwáyà. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí fóònù rẹ̀ àkọ́kọ́, orí kọ̀ǹpútà mi tààrà ló ń gba ohùn ìyá náà sí.

“Jameelah, Mama ń ki oríkì ilé wa o! Ó ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́, kò sì sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ẹ wá ń sọ pé mi ò ní space mọ́!”

Mo sáré yẹ inú kọ̀ǹpútà wò. Yàrá Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo! Mo wò ó títí kó tó yé mi. Nọ́ńbà tí dísìkì fi ń mọ ẹni tó ni ẹrù, ọ̀kan náà ni mo fún òun àti Ẹ̀gbọ́n Fàsásì, torí mo rò pé ìlẹ̀kùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Dísìkì ò mọ ìlẹ̀kùn, nọ́ńbà ló mọ̀. Ó ti ka ẹni méjì sí ẹnì kan, ó sì di gbogbo fídíò ìgbéyàwó ru Àǹtí Mabel. Inú bí mi sí ara mi.

Mo fún òun àti ẹrù rẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun. Àǹtí ti fi fóònù sí speaker; ohùn Mama ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó dà pọ̀ mọ́ òjò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú àlá. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ parí.

“Àǹtí, ẹ tún un gbìyànjú.”

“Ó ti ń wọlé!”

Mama ki oríkì náà títí ó fi parí. Òjò nìkan ló kù. Mo ní, “Mama, ẹ ṣé o.”

“Àṣàkẹ́ mi,” ni Mama wí, “ṣé o ti jẹun?”

Orúkọ oríkì Àǹtí Mabel ni Àṣàkẹ́. Ẹni tó jókòó tì í gan-an ni kò mọ̀ mọ́. Ó dùn mí wọnú egungun.

“Mo ti jẹun, Mama.”

Lẹ́yìn náà, mo bẹ Àǹtí kó jẹ́ kí n gé ohùn mi kúrò nínú ohun tó gbà sílẹ̀.

“Má gé e,” ni ó wí, ó ń sunkún. “Ó ti pẹ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.”