Lu Páìpù Kí O Tó Gùn Ún

Bíríkìlà náà kò fi orúkọ ara rẹ̀ wọ sáìtì ìkọ́lé yìí. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi wọlé, káàdì ìdánimọ̀ àbúrò rẹ̀ ló sì wà lápò rẹ̀. Ojú wọn jọra débi pé bí ìyá wọn bá pe ọ̀kan, èkejì ló máa ń dáhùn, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì.

Orúkọ tirẹ̀ ti bàjẹ́. Kò jalè, kò mutí yó lẹ́nu iṣẹ́. Ní sáìtì tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, pẹpẹ onípáìpù tí àwọn bíríkìlà ń dúró lé lórí wó lulẹ̀, ó sì pa ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba rán ènìyàn wá wádìí, òun ló sọ pé nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi de àwọn páìpù náà kò pé. Láti ìgbà náà, ibikíbi tó bá ti wáṣẹ́ lọ, wọ́n á ní kó dúró, ẹnìkan á wọ ọ́fíìsì lọ tẹ fóònù, á sì jáde pẹ̀lú ojú mìíràn pé kò sí àyè mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Àwọn kọngílá tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ kì í fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu wọn a máa kò.

Káfíńtà ni àbúrò rẹ̀, ní iléeṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn fún àwọn kọngílá kan náà. Òun ló fi káàdì lé e lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló sọ. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ kan ló kù nínú ilé yìí. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni bíríkìlà ń gbé sùn, òun ló ń gbé jí. Ó ń bẹ̀rù fóòmàn tí kì í sọ̀rọ̀, ó sì ń bẹ̀rù ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́, tí kì í dákẹ́. Bàbá Ẹ̀rín ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí o bá lọ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, wàá gba àwàdà mọ́ ọn, yóò sì bi ọ́ níbi tí o ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn bí ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ. Àwọn ènìyàn a sì máa sọ fún un. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í ṣọ́ ẹnu.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, Bàbá Ẹ̀rín dá àwàdà tuntun sílẹ̀. Ó ní àwọn bíríkìlà kan wà, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá, wọn kì í gun pẹpẹ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi òòlù lu páìpù kí wọ́n sì dẹtí sí i.

"Àfi bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn," ó ní. "Mi ò mọ ẹni tí wọ́n rò pé ó máa ní kí wọ́n wọlé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn ikú ẹnìkejì wọn ni àwọn tó kù ní sáìtì ọjọ́sí ti mú àṣà náà. Páìpù tó dè dáadáa a máa dún bí agogo, èyí tó tú a máa dún bí ìkòkò tó sán. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, ẹ̀rù ló kọ́ wọn. Bíríkìlà sì ti ń lù ú níbí náà láìronú, bí ènìyàn ṣe ń nu ẹsẹ̀ kó tó wọ yàrá. Ta ló ti rí i?

Láti ọjọ́ yẹn, òòlù wọ àpò. Ó ń gun pẹpẹ tí kò yẹ̀ wò, ó ń di páìpù mú bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Obìnrin kan ló ń ru símẹ́ńtì fún un. Kọ́ńkéré ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹrù tó ń dun orí rẹ̀. Obìnrin náà rí bó ṣe ń di páìpù mú.

"Bíríkìlà tó ń bẹ̀rù òkè," ó ní, "apẹja tó ń bẹ̀rù omi. Ẹ kú ìrọ́jú o."

Bíríkìlà dáhùn pé ẹ̀yìn ló ń ro òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fóòmàn ní kí àwọn méjèèjì lọ parí ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n bá Bàbá Ẹ̀rín, ẹni tí kì í fi yàrá irinṣẹ́ sílẹ̀, tó fara ti bulọ́ọ̀kù. Kò ṣe àwàdà kankan. Ọwọ́ bíríkìlà ló ń wò.

Ó yé bíríkìlà pé wọ́n ń dán òun wò. Bó bá gun pẹpẹ yìí láìlù ú, orúkọ àbúrò rẹ̀ yóò yè. Ó gbé ọwọ́ lé páìpù. Páìpù náà tutù, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Kó tó gbé ẹsẹ̀, Kọ́ńkéré ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, símẹ́ńtì wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ní kí òun kúkú ṣáájú, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá àwọn níbẹ̀.

Òòlù ti jáde lápò kó tó mọ̀. Ó lu páìpù. Ìkòkò tó sán.

"Sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Má gbé ẹsẹ̀ kejì."

Kọ́ńkéré sọ̀ kalẹ̀. Bíríkìlà gbójú sókè, ó sì rí ibi méjì tí nọ́ọ̀tì yẹ kó wà tí kò sí. Ojú ibẹ̀ ṣì ń dán, kò tíì dípẹtà. Kì í ṣe òjò tàbí atẹ́gùn ló tú u. Ènìyàn ló tú u, kò sì tíì pẹ́.

Bàbá Ẹ̀rín sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Etí yín mà dáa. Ẹ̀yin àti àbúrò yín, èwo ni mo ń bá sọ̀rọ̀ gan-an?"

Bíríkìlà dá òòlù padà sápò.

Lọ́sàn-án, wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó lọ sílé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé kí àbúrò òun pẹ́ níbi iṣẹ́. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àpótí irinṣẹ́ wà léjìká àbúrò rẹ̀. Káfíńtà náà kì í gbé àpótí rẹ̀ wálé, ibi iṣẹ́ ló ń fi í sí.

"Wọ́n ní kò sí àyè mọ́," ó ní.

Bíríkìlà ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́. Àbúrò rẹ̀ sọ àpótí náà kalẹ̀.

"Obìnrin náà ńkọ́?"

"Ó délé."

Àbúrò rẹ̀ mi orí pé ó dára. Ó ṣí àpótí náà, ó yọ òòlù, ó sì nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì onírin ni wọ́n ní, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti tú tipẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń dún."

Bíríkìlà lu ẹsẹ̀ tó dè, ó sì lu èyí tó tú. Àbúrò rẹ̀ tẹ́tí sí i, ó ní kó tún un lù. Wọ́n rọra ń lù ú, nítorí ògiri tó wà láàárín wọn àti aládùúgbò kò nípọn, wọn kò sì mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ àwọn kọngílá ni ìyẹn náà ti ń ṣiṣẹ́.