Lẹ́tà Tí Alága Kọ sí Ara Rẹ̀

Alhaja Mìsítúrà, igbákejì alága, ka lẹ́tà kìíní, ó ka èkejì, ni gbogbo ìpàdé bá bú sẹ́rìn-ín. Alhaji Làtíìfù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gẹ́gẹ́ bí alága ẹgbẹ́ mùsùlùmí ẹ̀ka Peckham ní London, ó kọ̀wé sí akọ̀wé àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ka pé kí wọ́n yá àwọn ní gbọ̀ngàn. Òun náà sì ni akọ̀wé àpapọ̀, òun ló fèsì: "Alága wa ọ̀wọ́n, a gbà á ládùúrà pé ara yín le." Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń kí ara rẹ̀ báyìí?

Wọ́n ní kó fi ipò kan sílẹ̀ kó tó di Sunday.

Ilé rẹ̀ ní Nunhead pa lọ́lọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó pe Rahmah, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ó bi í bóyá ibì kan wà tí òfin ti gba èèyàn láàyè láti di ipò méjì mú.

Rahmah ní ó wà o, àròkọ tí òun ń kọ lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. Ní India, aṣòfin àpapọ̀ lè di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ láì fi ìjókòó rẹ̀ ní Delhi sílẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́fà péré ni. Kó tó pé, ó gbọ́dọ̀ wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, kò sì lè jókòó sílé méjèèjì.

"Oṣù mẹ́fà náà tó mi."

"Daddy, ibí kì í ṣe India. Kí lẹ tiẹ̀ ń fi méjèèjì ṣe?"

Ó fẹ́ sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àmọ́ irọ́ ti sú u. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń pè mí, Rahmah. Tí mo bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ìdajì wọn lọ nìyẹn. Fóònù yìí lè má dún fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ojú ti Rahmah, torí òun náà kì í pè. Ó ní òun á máa wá lọ́jọ́ Friday lẹ́yìn shift níbi iṣẹ́ òun, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí, wọ́n máa ń yí shift padà.

Bẹ́ẹ̀ Friday ni ìpàdé ẹ̀ka, tí ogójì èèyàn ń dìde fún Alága. Ti akọ̀wé àpapọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni. Làtíìfù rò ó títí, ó sì kọ̀wé sí Alhaja Mìsítúrà pé kí wọ́n wá alága mìíràn.

Nígbà tó di Friday, ọbẹ̀ ti wà lórí iná nígbà tí Rahmah tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: wọ́n ti yí shift òun, kí Daddy má bínú. Ó dùn ún, ká má purọ́. Ìpàdé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ibẹ̀ kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó fèsì:

"Kò burú, ọmọ mi. Màá wà nílé ní Friday tó ń bọ̀."