Àyè Kan Tó Ṣẹ́ Kù

"Ẹ yọ orúkọ ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀," ni Hallman wí, ó nawọ́ sí ara ògiri.

Wendell kò yọ ọ́. Orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ti Amẹ́ríkà fún yunifásítì wọn ló wà lára ògiri náà: ipò tí kálukú ń gbá ló pín wọn sí òòró, ọdún tó wọlé ló pín wọn sí ìbú. Iṣẹ́ Wendell ni pé kí ibì kan má kún àkúnya kí ibòmíràn sì gbẹ. Àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ló kù, Tavion, ọmọ Harlow Springs, ni wọ́n sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún láti ìgbà ooru.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni asáré kan pè láti yunifásítì mìíràn pé òun fẹ́ ṣí wá. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù síwájú fún ọmọ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ lásán lèèyàn á máa wò. Ó ti pẹ́ tí Hallman, ọ̀gá àwọn kóòṣì, ti ń fẹ́ ẹ.

Wendell ní asáré kọ́ ló ń dun òun. Àwọn adènà bíi Tavion ni, àwọn gìrìwò tó ń dúró síwájú ajubọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni má gbé e lulẹ̀. Márààrún ló wà lọ́dún àṣekágbá. Bí wọ́n bá gboyè lọ, ta ni yóò dúró síbẹ̀?

Hallman rẹ́rìn-ín ìyàngì. "Ẹ̀gbọ́n, bí a kò bá borí lọ́dún yìí, ta ló sọ fún yín pé àwa fúnra wa á wà níbí lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ẹ jẹ́ n pe ọmọ náà nígbà náà, kó lè wá ibòmíràn lọ."

Hallman ní rárá o. Ọ̀la ni ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé àwọn ọmọ tuntun, asáré yẹn sì lè yí ohùn padà. Kí wọ́n má tíì sọ fún Tavion, kó ṣì máa retí. Bí asáré bá tọwọ́ bọ̀wé tán, kí Wendell wá bẹ ọmọ náà kó dúró sílé, kó wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọdún tó ń bọ̀.

"Gbogbo ibi yòókù á ti kún nígbà yẹn."

"Mo mọ̀," ni Hallman wí. "Ìdí tí kò fi ní í lè bínú lọ nìyẹn."

Wendell jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó dìde. Ó lọ rìn yí pápá ká, òtútù ń mú un, kò padà lọ mú kóòtù. Màmá Odessa, ìyá àgbà tó tọ́ Tavion, ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó lọ sílé wọn, obìnrin náà din ẹja, ó ń bu búrẹ́dì àgbàdo fún Wendell títí ìyẹn fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Ó ní aṣọ ọmọ gígùn yìí nìkan ti fẹ́ sọ òun di akúṣẹ̀ẹ́, kí wọ́n kúkú máa gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló wojú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo àwọn tó wá ṣáájú rẹ ló ń pe ọmọ mi ní ọmọ wọn."

Wendell ní òun kò pè é bẹ́ẹ̀. Àyè ló wà fún un, àyè náà sì dúró.

Ó padà wọlé, ó tún jáde. Níkẹyìn ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó pe Rayburn, kóòṣì yunifásítì òdìkejì odò, àwọn tí wọ́n jọ ń figa gbága lọ́dọọdún. Ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń wá adènà.

"Kí lo tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi, Wendell?"

Ó dárúkọ Tavion. Rayburn ní ṣé orúnkún ọmọ náà ló ti bàjẹ́ ni. Wendell ní kò sóhun tó ṣe é.

"O mọ̀ pé ọdún mẹ́rin gbáko ni yóò fi máa wó àwọn ọmọ rẹ mọ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀. Ṣáà pè é kílẹ̀ tó ṣú."

"Tí ọ̀gá rẹ bá wá gbọ́ ńkọ́?"

Wendell ní kó mú bírò. Ó ka nọ́ńbà fóònù ọmọ náà fún un.

Ó wá pe Màmá Odessa, ó ní kí Tavion má jìnnà sí fóònù, kóòṣì kan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni kóòṣì ni?"

"Kì í ṣe èmi, mà. Òun ló ní àyè."

Obìnrin náà kò bú u, kò sì dúpẹ́. Wendell gbọ́ tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó fohùn jẹ́jẹ́ pe ọmọ náà pé kó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kó wá jókòó.