Ẹ̀pà Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́

Ẹni tí ìyá tó bí i kò bá tíì wò ó lójú kó bi í pé, "Ìwọ ta ni?", kó má tíì dá Sàláúdéènì lẹ́jọ́ o. Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná.

Ayétòrò ni ọkùnrin yìí, tí gbogbo èèyàn ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè ní Bàbá Toheebat, ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Jẹ̀mílátù. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ìyá yìí fi ra àgbàdo ní ọjà Ìmẹ̀kọ wá tà. Kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà yẹn, òun náà sì mọ orúkọ ọmọ gbogbo oníbàárà rẹ̀, látorí àkọ́bí dé àbíkẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó tún wá ń gbàgbé iye rakáà tó ti kí. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé òun bímọ. "Ẹlẹ́pà" ló ń pe Sàláúdéènì báyìí, nítorí ẹ̀pà ni ọmọ rẹ̀ fi ń tàn án wọlé.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Tí oòrùn bá ti rọ̀, Ìyá á dìde, á gbé agbọ̀n òfìfo lérí, á forí lé ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Ọjà ló ń lọ. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì nìyẹn, tí wọ́n ń já bọ̀ láti ẹnu bodè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí Màmá Jibril tó jẹ́ aládùúgbò wọn bá dì í mú, á gé e jẹ. Bí àwọn ọlọ́kadà bá pè é, èébú ni wọ́n máa gbà. Àfi kí Sàláúdéènì lọ dúró níwájú rẹ̀, kó nawọ́, kó tú ìwé tí wọ́n fi wé ẹ̀pà. "Ẹlẹ́pà, o ti dé," ni Ìyá á wí, á sì tẹ̀ lé ọwọ́ yẹn wálé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ló kù láàárín ìyá àti ọmọ. Ọkàn Sàláúdéènì sì ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tí Ìyá kò bá wá sọ́wọ́ òun mọ́, òun ti sọ ọ́ nù nìyẹn.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Eku ló ń tọ́jú. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Eku funfun olójú pupa ni, ogójì, ní ilé ìwádìí kan lójú ọ̀nà Jóga. Dókítà Mọ́rẹ́olúwa ló ni iṣẹ́ náà, ọmọbìnrin tí kò ju ẹgbẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ. Dókítà á fún àwọn eku náà ní oògùn tó ń ba ọpọlọ jẹ́, kí wọ́n lè máa gbàgbé nǹkan bí arúgbó tó ń ṣarán. Lẹ́yìn náà, á pín wọn sí ọ̀nà méjì. Á máa fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun gún ogún nínú wọn láàárín àtàrí, bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ti ń ṣe. Ogún yòókù, kò ní gún wọn. Lọ́jọ́ ìdánwò, á fi eku sínú ọpọ́n omi ńlá kan tí wọ́n ti po mílíìkì mọ́, kó má baà ríran ìsàlẹ̀. Pẹpẹ kékeré kan wà lábẹ́ omi náà, lápá fèrèsé. Eku tó bá rántí ibẹ̀ á lúwẹ̀ẹ́ lọ tààrà, á gùn ún, á sinmi. Èyí tó bá ti gbàgbé á máa yí kiri títí wọ́n á fi yọ ọ́.

Àánú àwọn tí wọ́n ń gún yìí ń ṣe Sàláúdéènì jọjọ. Ṣé bí wọ́n bá gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ní ọsibítù, wọn kì í fi bisikíìtì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni? Dókítà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fún àwọn eku ní nǹkan kan yàtọ̀ sí oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n bí Dókítà bá ti kẹ̀yìn, ọkùnrin yìí á tú ìwé ẹ̀pà tó rà fún ìyá rẹ̀, á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí wọ́n gún ní hóró kan. "Pẹ̀lẹ́, ó ti tán." Àwọn tí wọn kò gún kò rí nǹkan kan gbà. Kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n á fi jẹ ẹ̀pà? Bí ìdánwò bá sì dé, ibì kan náà ló máa ń dúró sí, ẹ̀bá fèrèsé, nítorí atẹ́gùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n dán wọn wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn tí wọ́n gún ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí apá fèrèsé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́! Àwọn yòókù ń yí kiri bí aláìníbaba. Dókítà fò sókè. Ní ti Sàláúdéènì, omijé ló bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ bá mi gún Ìyá mi."

"Bàbá Toheebat! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Eku ni eku, èèyàn ni èèyàn."

"Wọ́n rántí àbí wọn ò rántí?"

"Wọ́n rántí lónìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, a máa tún un ṣe níṣojú wọn. Kódà bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ó lè gbà tó ọdún mẹ́wàá ká tó dé orí èèyàn."

Ọdún mẹ́wàá! Ìyá tó jẹ́ pé lánàá òde yìí, ó wo ẹ̀pà, ó wo ojú ẹni tó mú un dání, ó sì dúró pẹ́ títí kó tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bá Sàláúdéènì débi tí kò lè jẹun alẹ́. Ẹni tí omi ń gbé lọ, bó bá rí ejò, á dì í mú.

Ó jí abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Mo ní ó jí i, n kò bò ó. Ọkùnrin tó ń kírun márùn-ún, tí kò mú nǹkan oníǹkan rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò máa dé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó mú Ìyá jókòó sórí ẹní. Ó ṣe bísímílà. Ó ya irun funfun náà sọ́tùn-ún sósì, ó wá àárín àtàrí bó ṣe rí i tí Dókítà ń ṣe. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, Ìyá kàn ń wò ó. Nígbà tí ìkejì wọlé, ó ké.

"Yéè! Ẹlẹ́pà, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó fẹ́ dìde. Ọmọ rẹ̀ dì í lọ́rùn mú, ó dì í le, ó ti ìkẹta bọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ kán. Nígbà tó fa gbogbo rẹ̀ yọ, tó sì fi ẹ̀pà sí i lẹ́nu, Ìyá pa ẹnu dé, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ bíi ti ọmọdé. Sàláúdéènì ń sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn eku náà ké níbẹ̀rẹ̀. Ó nu ojú ìyá rẹ̀, ó fi í sọ́dọ̀ Màmá Jibril, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lọ́sàn-án, àwọn àlejò dé, yàrá há. Dókítà ní, "Bàbá Toheebat, ẹ má bínú, ẹ bá wa bọ́ síta díẹ̀." Ó bọ́ síta, ó ń yọjú lẹ́nu ìlẹ̀kùn.

Wọ́n fi eku àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n gún sómi. Kò wo apá fèrèsé. Apá ẹnu ọ̀nà ló ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, ó ń họ ara ọpọ́n. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkẹta, ìkẹrin. Gbogbo wọn gbé imú sókè, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àlejò wo ara wọn. Dókítà kò wo ọpọ́n mọ́, ẹnu ìlẹ̀kùn ló ń wò.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó wá bá a.

"Bàbá Toheebat, kí ló wà nínú àpò yín?"

Ó yọ ọ́ jáde. Ìwé ẹ̀pà ni. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń wá," ló wí. "Wọn ò rántí pẹpẹ kankan. N ò lè sọ pé abẹ́rẹ́ ṣe ohunkóhun fún wọn. Ọwọ́ tó ń fún wọn lẹ́pà ni wọ́n mọ̀. Ọdún méjì, Bàbá Toheebat. Ọdún méjì iṣẹ́ mi."

Ojú ihò mẹ́ta tó wà lórí ìyá rẹ̀ ló wá sí Sàláúdéènì lọ́kàn. Ó sáré jáde, ó fò sórí ọkadà.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, Màmá Jibril ti ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀. "Ìyá ti jáde o! Mo kàn wọlé lọ kírun ni!" Wọ́n jọ sáré. Wọ́n bá a ní bèbè títì, agbọ̀n lórí, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá fììì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sàláúdéènì bọ́ síwájú rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó nawọ́. Ó tú ìwé ẹ̀pà.

"Ìyá, ẹlẹ́pà ti dé."

Ìyá wo ọwọ́ náà. Agbọ̀n já bọ́ lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo àtàrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn lọ sáàárín títì.

"Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ gún mi!"

Ọkọ̀ kan tẹ bíréèkì, táyà rẹ̀ han gooro. Màmá Jibril ló fà á padà. Ìyá tó máa ń gé e jẹ, òun ló wá dì mọ́ ọn, tó fi ojú pamọ́ sí i láyà.

"Ta ló fẹ́ gún yín, Ìyá?"

"Ẹlẹ́pà yìí ni. Láàárọ̀. Orí ló ti gún mi."

Sàláúdéènì dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síta, ẹ̀pà ń dà sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, Ìyá kò tíì rántí ohun òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí.

Màmá Jibril wò ó. "Bàbá Toheebat, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kó lè rìn."

Ó sún sẹ́yìn. Ó tẹ̀ lé wọn láti òkèèrè títí dé ilé, ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kí ìyá rẹ̀ má baà rí i.