Iná Tí Màmá Ń Fọwọ́ Yí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni, èmi nìkan ni mo ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Mo so àwọn aṣọ òkè àtijọ́ màmá wa rọ̀ sára ògiri, mo fi gílóòbù wẹ́wẹ́ ìgbàlódé yí wọn ká. Àga kún ilẹ̀, kò sẹ́ni lórí wọn. Màmá tí wọ́n ti kú wá jókòó sáàárín, wọ́n ń fọwọ́ yí máṣíìnì ìránṣọ wọn, ìyẹn ló ń mú iná wá.

Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n súre fún mi.

Wọ́n ní, “Bí mo bá gbé ọwọ́ lé ọ lórí, iná á kú, àlejò ò ní ríran wọlé.”

Mo ní àlejò kankan ò bọ̀.

Wọ́n dáwọ́ dúró, iná kú. Ibi tí mo ti ń dúró de ọwọ́ wọn ni mo ti jí.